Ìkìlọ̀ Nínú Gírámà Sípáníìṣì: Àgbéyẹ̀wò Gbólóhùn Kání àti Subjuntivo

Gbólóhùn kání tí wọ́n fi ń kìlọ̀ a máa ní apá méjì: apá kan á sọ ohun tí ẹni tí wọ́n ń kìlọ̀ fún lè dáwọ́ lé, apá kejì á sọ ohun tí yóò tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Àwọn onígírámà èdè Sípáníìṣì ń pe apá ìṣáájú ní prótasis, wọ́n sì ń pe apá àbájáde ní apódosis. Láti inú èdè Gíríìkì ni wọ́n ti yá ọ̀rọ̀ méjèèjì. Ohun tí ó sọ ọ̀rọ̀ yìí di iṣẹ́ ìwádìí ni pé ọ̀nà tí èdè náà ń gbà gbé apá ìṣáájú kalẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, ìrísí ọ̀rọ̀-ìṣe kì í sì í rí bákan náà nínú wọn. Bí olùkọ́ bá ń kìlọ̀ fún ọmọ ilé-ìwé, ó lè wí pé “Si llegas tarde, no entras”, ó sì lè wí pé “Como llegues tarde, no entras”. Yorùbá tí ó bá túmọ̀ wọn lóréfèé yóò kọ ohun kan náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì: bí o bá pẹ́ dé, o kò ní wọlé. Síbẹ̀ llegas kì í ṣe llegues, ọmọ tí ó bá sì gbọ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì mọ̀ pé ojú olùkọ́ ti ń pọ́n. Fáwẹ́lì kan péré ni ó yí padà, nítorí pé u tí ó wọ àárín llegues kò ju ọ̀rọ̀ àkọtọ́ lọ.

Ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í pa ìrísí dà. Lọ ni lọ, yálà ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ń ròyìn ni, ó ń pàṣẹ ni, tàbí ó ń dábàá, àwọn wúnrẹ̀n kéékèèké bíi kí, bá, má àti ì bá ni wọ́n ń ru ẹrù ìyàtọ̀ náà. Nínú èdè Sípáníìṣì, ìparí ọ̀rọ̀-ìṣe fúnra rẹ̀ ni ó ń rù ú. Modo ni wọ́n ń pe ohun tí ìparí yìí ń fi hàn, ó sì tọ́ kí á pè é ní ìdúró ọ̀rọ̀-ìṣe, nítorí pé ó ń jẹ́ kí olùgbọ́ mọ ibi tí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ dúró sí lórí ohun tí ó ń sọ. Mẹ́ta ni ìwé gírámà òde òní sábà máa ń kà: indicativo, èyí tí í ṣe ìdúró ìròyìn, imperativo, ìdúró àṣẹ, àti subjuntivo, tí kò ní orúkọ Yorùbá kan tí ó bá a mu wẹ́kú, tí àgbéyẹ̀wò yìí yóò sì fi orúkọ tirẹ̀ sílẹ̀ fún un. Láti ara comer, tí ó túmọ̀ sí jẹun, comes jẹ́ indicativo, “o ń jẹun”. Come jẹ́ imperativo, “jẹun”. Comas sì jẹ́ subjuntivo, èyí tí ó ṣòro láti túmọ̀ láìfi kí sí i, “kí o jẹun”. Nínú àsìkò ìsinsìnyí, òfin ìyípadà náà kò le: ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó parí sí -ar á gba e níbi tí a ti ń retí a, èyí tí ó parí sí -er tàbí -ir á sì gba a níbi tí a ti ń retí e. Ti àsìkò tí ó kọjá ní ìrísí méjì, comiera àti comiese, tí wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà nínú gbólóhùn kání bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá kan kọ́ ni ó bí wọn: inú subjuntivo èdè Látìn ni -se ti wá, nígbà tí -ra jẹ́ ọmọ indicativo Látìn tí ó ṣí kúrò nílé bàbá rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ti ń sọ Sípáníìṣì, -ra tí ó jẹ́ àlejò yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lé -se tí ó jẹ́ onílé jáde lẹ́nu àwọn ènìyàn.

Àríyànjiyàn lórí iye ìdúró tí ó wà ti pẹ́. Antonio de Nebrija, tí ó tẹ gírámà èdè Castilla, èyí tí í ṣe Sípáníìṣì, jáde ní Salamanca lọ́dún 1492, ka márùn-ún, nítorí pé gírámà Látìn ni ó fi ṣe àwòkọ́ṣe, ó sì ti ibẹ̀ kó optativo, ìdúró ìfẹ́-ọkàn, wọlé gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó dá dúró. Real Academia Española, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Madrid lọ́dún 1713 láti máa bójú tó èdè náà, gbé gírámà tirẹ̀ àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 1771. Ẹni tí ó tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ jù lọ ni Andrés Bello, ọmọ Caracas tí ó fi Chile ṣe ilé, tí ó sì kọ gírámà rẹ̀ ti ọdún 1847 fún ìlò àwọn ará Amẹ́ríkà. Bello rí i pé cantaría, ìrísí tí ó kún inú apá àbájáde gbólóhùn kání, kì í ṣe ìdúró kan lọ́tọ̀: àsìkò ni, ọjọ́ iwájú tí wọ́n ń wò láti inú ìgbà tí ó ti kọjá, gẹ́gẹ́ bí “Dijo que cantaría” ṣe túmọ̀ sí “ó ní òun yóò kọrin”. Pospretérito ni ó pè é, ó sì dá a padà sínú indicativo. Ó pẹ́ kí Academia tó gbà fún un. Modo potencial, ìdúró ohun tí ó ṣeé ṣe, ni wọ́n ń pè é ní ọ̀rúndún ogún títí di ọdún 1973, nígbà tí ìwé tí wọ́n pè ní Esbozo gbé e sí ibi tí Bello ti gbé e sí ní ọdún mẹ́rìndínláàádóje ṣáájú. Ohun tí ìjà yìí fi kan ìkìlọ̀ ni pé, bí ó bá jẹ́ pé Bello ni ó jàre, kò sí ìdúró kankan tí ó jẹ́ ti kání nìkan, indicativo àti subjuntivo ni wọ́n pín iṣẹ́ náà láàárín ara wọn, ó sì di dandan kí á wá ìdí tí wọ́n fi pín in bí wọ́n ṣe pín in.

Èsì tí àwọn ìwé ìkọ́ni fún àlejò sábà máa ń fún ìbéèrè yìí ni pé iyèméjì ni subjuntivo, ìdánilójú ni indicativo. Àlàyé yìí dùn ún gbọ́, ó sì rọrùn láti há sórí, ṣùgbọ́n kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tí ó bá wí pé “Me alegro de que hayas venido”, inú mi dùn pé o wá, kò ṣiyèméjì rárá, àlejò náà ni ó dúró níwájú rẹ̀ yẹn. Síbẹ̀ subjuntivo ni hayas. Lọ́wọ́ kejì, ẹni tí ó bá wí pé “Si llueve”, bí òjò bá rọ̀, kò lè búra pé òjò yóò rọ̀, síbẹ̀ indicativo ni llueve. Lọ́dún 1974, àwọn onímọ̀ èdè méjì, Joan Hooper àti Tracy Terrell, gbé àlàyé mìíràn kalẹ̀ tí ó fìdí múlẹ̀ ju èyí lọ: indicativo ni ti ohun tí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ fìdí rẹ̀ múlẹ̀, tí ó sì ṣe tán láti jẹ́rìí sí, subjuntivo ni ti ohun tí ó kàn dárúkọ láìfi ẹ̀rí tirẹ̀ tì í. Ìdí nìyí tí inú dídùn fi ń gba subjuntivo: ayọ̀ ni wọ́n ń kéde, wíwá àlejò kò ní ìkéde mọ́. José Plácido Ruiz Campillo mú irú èrò yìí sún mọ́ iyàrá ìkọ́ni nígbà tí ó pín gbogbo rẹ̀ sí ìkéde àti àìkéde. Ọ̀pọ̀ èrò mìíràn ni ó wà nínú àkójọ tí onígírámà Ignacio Bosque ṣe olóòtú rẹ̀ lọ́dún 1990, Indicativo y subjuntivo, Bosque kan náà sì ni ó darí iṣẹ́ Nueva gramática tí àwọn Academia èdè náà para pọ̀ gbé jáde lọ́dún 2009.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá yẹ èrò ìkéde wò dáadáa yóò rí i pé si há a lọ́nà ọ̀fun. Ta ni ó ń kéde ohunkóhun nínú “Si llueve”? Àwọn kan dáhùn pé inú àbá ni ìkéde náà ti wáyé: ẹni tí ń sọ̀rọ̀ gbé ayé kékeré kan kalẹ̀, ó sì sọ ohun tí ó jẹ́ òtítọ́ nínú rẹ̀. Ìdáhùn yìí lè dà bí ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ lójú ẹni tí kò ní irú rẹ̀ nínú èdè tirẹ̀, ṣùgbọ́n Yorùbá ní in. Ìyísódì Yorùbá pín sí ọ̀nà méjì tí kò sí ọmọ Yorùbá tí í ṣì wọ́n lò: kò ni a fi ń sẹ́ ohun tí a ń ròyìn, má ni a fi ń sẹ́ ohun tí a ń pa láṣẹ tàbí tí a ń fẹ́. “Kò lọ” jẹ́ ìròyìn. “Má lọ” àti “kí ó má lọ” kì í ṣe ìròyìn. Bí ọ̀rọ̀ bá wá di kání, ibi tí èèyàn ti lè retí má nítorí pé kò sí ìròyìn níbẹ̀, kò ni a tún ń bá pàdé: “bí kò bá lọ”. Gẹ́gẹ́ bí bí ṣe ń bá kò rìn, bẹ́ẹ̀ ni si ń bá indicativo rìn, ní èdè méjì tí kò bá ara wọn tan. Èyí kò fi hàn pé àwọn tí ó dáhùn lókè yìí jàre pátápátá, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àṣìṣe tí Sípáníìṣì nìkan ṣe.

Ìtàn tún dá sí i. Láyé àtijọ́, si kì í sá fún subjuntivo ọjọ́ iwájú: viniere, pudieres, hiciere ni ìrísí rẹ̀, “si pudieres” sì túmọ̀ sí bí o bá lè. Ìrísí yìí kú lẹ́nu àwọn ènìyàn bí ọ̀rúndún ti ń gorí ọ̀rúndún, indicativo ìsinsìnyí sì gba àga rẹ̀ lẹ́yìn si. Subjuntivo ìsinsìnyí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀ rí. Ìdí nìyí tí “si vengas” fi jẹ́ àṣìṣe tí kò ní àwíjàre nínú gbólóhùn kání, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èèyàn lè gbọ́ “no sé si vaya” lẹ́nu ará Mẹ́síkò, níbi tí si ti jẹ́ ti ìbéèrè tí kì í ṣe ti kání. Ibi méjì ni ìrísí àtijọ́ náà sápamọ́ sí. Ọ̀kan ni òwe, bíi “Adonde fueres, haz lo que vieres”, ibi tí o bá dé, ohun tí o bá rí níbẹ̀ ni kí o ṣe. Èkejì ni ìwé òfin, tí í ṣe àgbà nínú ìkìlọ̀ onígbólóhùn kání: òfin ìwà ọ̀daràn Sípéènì ti ọdún 1995 ṣì ń lo matare fún ẹni tí ó bá pa ènìyàn. Ó jọni lójú pé nígbà tí ìjọba bá fẹ́ kìlọ̀, ohùn àwọn tí ó ti kú ni ó fi ń kìlọ̀.

Àwọn ìpele si yòókù kò gba àlàyé gígùn. “Si viniera, lo vería” ni ti ohun tí kò jọ pé yóò ṣẹlẹ̀. “Si hubiera venido, lo habría visto” ni ti ohun tí kò ṣẹlẹ̀ mọ́ láéláé, èyí tí Yorùbá ń fi ì bá sọ: ì bá ti rí i. Ní apá àríwá Sípéènì, pàápàá ní agbègbè Basque àti àwọn ìpínlẹ̀ tí ó yí i ká, àwọn ènìyàn a máa wí pé “si tendría” dípò “si tuviera”, àwọn olùkọ́ sì ti ń bá a jà tipẹ́tipẹ́. Èyí tí ó yani lẹ́nu jù ni ti ọ̀rọ̀ ẹnu lásán: “Si lo sé, no vengo”, tí gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ jẹ́ indicativo ìsinsìnyí, tí ìtumọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ “ká ní mo mọ̀ ni, n kì bá tí wá”. Àwọn tí ń kọ́ni pé ìrísí nìkan ni ó ń sọ ìtumọ̀ kò lè rí gbólóhùn yìí ti sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Como ni ó yẹ kí á dúró lé lórí. Bí indicativo bá tẹ̀ lé e, tí ó sì ṣíwájú gbólóhùn, nítorí pé ni ó túmọ̀ sí: “Como llegas tarde, no entras”, nítorí pé o pẹ́ dé, o kò ní wọlé. Pípẹ́ náà ti ṣẹlẹ̀, olùkọ́ ń kéde rẹ̀. Bí subjuntivo bá gba ipò indicativo, “Como llegues tarde, no entras”, pípẹ́ di ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀, gbólóhùn náà sì di ìkìlọ̀. Iṣẹ́ tí subjuntivo ń ṣe níhìn-ín hàn kedere ju ibikíbi mìíràn lọ, nítorí pé kò sí ohun mìíràn tí ó ya ìdí sọ́tọ̀ kúrò lára kání. Si kò nílò irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ti sọ pé kání ni. Èyí ni ó mú kí ó ṣòro láti gbà pẹ̀lú àwọn tí ó sọ pé àmì lásán ni subjuntivo, pé ọ̀rọ̀-asopọ̀ ni ó ń pè é wá láìsí ìtumọ̀ tirẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ nípa para que, “kí … lè”, àti antes de que, “kí … tó”, tí wọn kì í gba ohun mìíràn. Irọ́ ni nípa como.

Ṣùgbọ́n kí ni como ní tí si kò ní? Estrella Montolío, ẹni tí ó kọ orí ìwé lórí gbólóhùn kání nínú Gramática descriptiva ti ọdún 1999 tí Bosque àti Violeta Demonte ṣe olóòtú rẹ̀, wà lára àwọn tí ó tú irú àwọn gbólóhùn wọ̀nyí wò fínnífínní. Ohun tí àwọn onímọ̀ fẹnu kò lé lórí ni pé si kò ní ìmọ̀lára kankan lára, como sì ní in: ẹni tí ó bá lò ó ń bẹ̀rù ohun tí ó ń dárúkọ, tàbí ó ń retí rẹ̀ gidigidi. “Como llueva, se suspende el partido”, bí òjò bá fi rọ̀, eré bọ́ọ̀lù náà ti dojú dé nìyẹn. Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀-asopọ̀ ọ̀tọ̀ fún irú ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ó ní fi, wúnrẹ̀n kékeré tí ó máa ń wọ àárín bá àti ọ̀rọ̀-ìṣe: “bí o bá pẹ́ dé” jẹ́ kání lásán, “bí o bá fi pẹ́ dé” ti gbé ọwọ́ sókè. Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá tí ó bá ń túmọ̀ como pẹ̀lú subjuntivo sí bá fi kò ní ṣìnà púpọ̀, àfi níbi tí inú ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ti ń dùn, bíi “Como me toque la lotería, os invito a todos”, bí mo bá jẹ lọ́tìrì, gbogbo yín ni n ó ṣe lálejò. Ní Sípéènì ni irú como yìí ti wọ́pọ̀ jù, ó sì sábà máa ń ṣíwájú apá àbájáde. Ìrísí kan náà ni ìhàlẹ̀ àti ìkìlọ̀ jọ ń lò: nínú “Como toques eso, te quemas”, iná ni yóò jó ọmọ náà, nínú “Como toques eso, te castigo”, ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ni yóò jẹ ẹ́ níyà. Ìyàtọ̀ tí àwọn onímọ̀ nípa ìlò èdè ń ṣe láàárín méjèèjì kò hàn nínú subjuntivo rárá, ọwọ́ ẹni tí ibi náà ti ń bọ̀ ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n.

Ìdílé àyàfi, tí ó ní a menos que, a no ser que àti salvo que nínú, máa ń gba subjuntivo. Siempre que ní ojú méjì: pẹ̀lú indicativo, nígbàkúùgbà tí ni, pẹ̀lú subjuntivo, ó lè di kìkì bí. Por si, tí wọ́n fi ń ṣọ́ra de ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀, sábà máa ń bá indicativo rìn, nítorí pé si ṣì wà lára rẹ̀. “No vaya a ser que te caigas” àti “Cuidado no te caigas” ni ti ìbẹ̀rù, Yorùbá sì bá wọn dọ́gba tó bẹ́ẹ̀ tí no tí ó dà bí ẹni pé kò ní iṣẹ́ nínú èkejì fi rí alábàáṣe: “ṣọ́ra kí o má baà ṣubú”. Bí àyè kò bá sí fún kání, wọn á fi àṣẹ ṣe é, “Tócalo y verás”, èyí tí Yorùbá ń pè ní “fọwọ́ kàn án kí o rí i”, níbi tí kò ti sí ẹni tí ó ń fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án. Àwọn ìyá tún ní “¡Baja de ahí, que te caes!”, sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀, o ń ṣubú, tí wọ́n fi indicativo sọ ọ́ bí ẹni pé ìṣubú náà ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó túmọ̀ sí kìlọ̀, advertir, pàápàá ní ìhà méjì: “Te advierto que el suelo está mojado” ń fi tó ọ létí pé ilẹ̀ tutù, indicativo; “Te advierto que no corras” ń kìlọ̀ fún ọ pé kí o má sáré, subjuntivo.

Ìyàtọ̀ ìkẹyìn yìí ni àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn tí wọ́n ń pè ní Lucumí, àti àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀, ní láti mọ̀ kí ìmọ̀ràn Ifá tó lè di ọ̀rọ̀ Sípáníìṣì. “Orula dice que no sales” yóò jẹ́ ìròyìn, Ọ̀rúnmìlà ní o kò jáde. “Orula dice que no salgas” ni ìkìlọ̀, Ọ̀rúnmìlà ní kí o má jáde. Kò di indicativo, má di subjuntivo. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ọmọ Yorùbá ní Sípáníìṣì lè bẹ̀rẹ̀ láti ibí yìí dípò kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí iyèméjì, nítorí pé ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ náà ń wá ti wà lẹ́nu rẹ̀ kí ó tó ṣí ìwé.

Ó ku ohun kan nípa como. Ní ọ̀pọ̀ ilé ní Sípéènì, apá àbájáde kì í jáde lẹ́nu rárá. Ọmọ tí ó ní òun kò rí bàtà òun á gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ láti inú yàrá kejì: “¡Como vaya yo…!”, bí mo bá fi wá síbẹ̀. Gbólóhùn náà kò parí, kò sì sí ẹni tí yóò parí rẹ̀; subjuntivo vaya ni ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo tí ó wà nínú rẹ̀, bàtà náà á sì di rírí.